Ìwádìí Àbájáde Ìtọ́jú fún Nọ́ọ̀sì: Láti Orí Ìbéèrè Títí Dé Àyípadà Nínú Wọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá ṣí fáìlì aláìsàn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé nọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn èkejì ti kọ ọ́ síbẹ̀, ní wákàtí méjì-méjì, pé òun yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Àkọsílẹ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ṣe nìkan ni ó ń sọ; kò sọ bóyá awọ ìdí àti gìgísẹ̀ aláìsàn náà ṣì wà ní pípé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ sílé. Ìbéèrè kejì yìí ni ìwádìí àbájáde ìtọ́jú ń béèrè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí a tọ́jú ni ó ń wá: ṣé egbò yọ sí i lára, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wálẹ̀, ṣé ó tún padà sí ilé ìwòsàn kí oṣù tó yí po, ṣé ó lè dá wẹ̀ kí ó sì dá jẹun, àbí ó kú.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Bowen, ní ti LAUTECH, ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ní ìbùdó ìlera alábọ́dé, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn egbò ìdùbúlẹ̀, egbò tí ó máa ń dá sí ara ẹni tí ó pẹ́ lójú kan. Mo yàn án nítorí pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ó lè dènà rẹ̀ wà, kò sì nílò ẹ̀rọ olówó ńlá kí a tó rí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ojú iṣẹ́ abẹ lè fi tirẹ̀ rọ́pò; ìgbésẹ̀ kan náà ni.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tuntun nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Florence Nightingale, tí ó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní ọdún 1854 nígbà ogun Crimea, ni ó fi òǹkà hàn pé àrùn tí a lè dènà pa ọmọ ogun ju ọgbẹ́ ojú ogun lọ, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò òǹkà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1858. Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston tí ń jẹ́ Ernest Codman ń tọpa gbogbo ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún títí tí ọdún fi yí po, kí ó lè mọ bí ó ṣe já sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ fún un rárá, èyí tí kò ya ẹnikẹ́ni tí ó ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí lẹ́nu. Ní ọdún 1966 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Avedis Donabedian pín dídára ìtọ́jú sí ọ̀nà mẹ́ta tí a ṣì ń lò dòní: ohun èlò àti òṣìṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀, iṣẹ́ tí a fi wọ́n ṣe, àti àbájáde rẹ̀ lára aláìsàn. Linda Aiken, nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣe ìwádìí, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2002 láti inú ilé ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà: bí aláìsàn kan bá fi lé sí iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu pé ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún yóò kú láàárín 30 ọjọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. A kò lè gbé iye yẹn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí a sọ pé tiwa náà nìyẹn, nítorí wọ́ọ̀dù wọn kò rí bíi tiwa, ṣùgbọ́n a lè gba ọ̀nà kan náà láti rí iye tiwa.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ dín ìbéèrè náà kù

Ìbéèrè tí ó gbòòrò jù ni ó ń pa iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. “Ipa tí ìtọ́jú nọ́ọ̀sì ń kó lórí ìlera aláìsàn” kì í ṣe ìbéèrè tí ènìyàn kan lè dáhùn. Ìbéèrè tí ó ṣeé ṣe gbọ́dọ̀ sọ irú aláìsàn tí a ń wò, ìtọ́jú tí a fẹ́ yẹ̀ wò, ohun tí a fi ń wé e, àbájáde tí a ó kà, àti ìgbà tí a ó kà á. Ẹ wo èyí: láàárín àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ gbé wọ wọ́ọ̀dù tí kò sì ní egbò lára lọ́jọ́ tí ó dé, ǹjẹ́ kíkọ́ ẹbí tí ó dúró tì í bí a ṣe ń yí aláìsàn padà, pẹ̀lú ìwé àkókò tí a lẹ̀ mọ́ ìgbèrí, ń dín iye àwọn tí egbò ń yọ sí lára kù kí ọjọ́ 14 tó pé, bí a bá fi wé bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀?

Ẹ kíyè sí i pé mo fi ẹbí sínú ìbéèrè náà. Nínú àwọn ìwé tí a ń kà láti òkè òkun, nọ́ọ̀sì ni ó ń yí aláìsàn padà. Níhìn-ín, lóru tí nọ́ọ̀sì kan bá ń bójú tó ogún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò tí ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni ó sábà máa ń ṣe é. Ìwádìí tí kò bá ka iṣẹ́ ẹbí kún ìtọ́jú yóò wọn ohun tí kò sí ní wọ́ọ̀dù wa, yóò sì fi ohun tí ó wà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ohun tí ẹ ń kà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ fi túmọ̀ àbájáde yín, kí ó sì yé nọ́ọ̀sì tí ó dé ní òwúrọ̀ àti èyí tí ó dé lálẹ́ bákan náà. Ìpele mẹ́rin ni a pín egbò ìdùbúlẹ̀ sí. Ní ìpele 1, awọ kò tíì bó, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ ti yí àwọ̀ padà, kò sì ṣá bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ní ìpele 2, òkè awọ ti bó tàbí ó ti léròrò. Ní ìpele 3, egbò ti jẹ awọ tán, ó sì ti dé ọ̀rá abẹ́ rẹ̀. Ní ìpele 4, a lè rí iṣan, okùn iṣan tàbí eegun. Èyí tí òkú ẹran bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi sí ìpele kankan títí a ó fi fọ̀ ọ́. Ẹ fún un ní àyè tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù.

Ìpele 1 ni ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Pípọ́n awọ ni púpọ̀ nínú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe àpèjúwe rẹ̀, lára aláwọ̀ dúdú sì rèé, a lè má rí pípọ́n kankan. Ibẹ̀ lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, kí ó jọ bí ẹni pé aró ta sí i, tàbí kí àwọ̀ má tilẹ̀ yí padà lójú rárá. Nítorí náà, ẹ̀yìn ọwọ́ àti ìka ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi wé awọ tí ó wà nítòsí: ṣé ó gbóná jù ú lọ tàbí ó tutù jù ú, ṣé ó le gbagidi tàbí ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ṣé ó ń dun aláìsàn bí ẹ ti fọwọ́ kàn án? Ẹ ṣe é nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, tàbí kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Wọ́ọ̀dù tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa ròyìn pé òun kò ní egbò ìpele 1 rí, yóò sì máa bá ìpele 2 pàdé lójijì. Ibi tí a ń wò ni eegun ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, kókósẹ̀, ìgbọ̀nwọ́, eegun èjìká, ìpàkọ́, àti ẹ̀yìn etí níbi tí okùn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn gbà kọjá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán ojú ara yín wò. Kí nọ́ọ̀sì méjì wo aláìsàn kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí oníkálukú kọ tirẹ̀ láìfi han ẹnì kejì, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ènìyàn ó kéré tán. Bí ẹ bá fi àwọn èsì wé ara wọn, òdiwọ̀n ìfohùnṣọ̀kan tí a ń pè ní kappa, tí Jacob Cohen gbé jáde ní ọdún 1960, yóò sọ bí ẹ ti fohùn ṣọ̀kan tó lẹ́yìn tí a bá ti yọ àfohùnṣọ̀kan aláìmọ̀ọ́mọ̀ kúrò. Ìfohùnṣọ̀kan pípé ni 1; bí tiyín bá kéré sí 0.6, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà jókòó sórí ìtumọ̀ yín, nítorí pé ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí lẹ́yìn ọ̀la lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ojú nọ́ọ̀sì méjì, kí ó má jẹ́ ti ìtọ́jú rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ iye àwọn tí ẹ fi ń pín

“A rí egbò mẹ́fà lóṣù yìí” kò tíì sọ nǹkan kan. Mẹ́fà nínú mélòó? Ká sọ pé ní oṣù kìn-ín-ní, aláìsàn 30 wọlé láìní egbò, tí 6 nínú wọn sì ní in kí wọ́n tó lọ: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ní oṣù kejì, 30 mìíràn wọlé, 3 péré ni ó ní in: ìdá 10. Ó ku díẹ̀ kí wọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ọjọ́ tí gbogbo wọn lò, tí ẹ sì rí i pé àwọn ti oṣù kìn-ín-ní lo 420 ọjọ́ lápapọ̀, tí àwọn ti oṣù kejì sì lo 210 péré nítorí pé owó tán lọ́wọ́ ẹbí tí wọ́n sì ń tètè gbé ènìyàn wọn lọ, iye egbò nínú 1,000 ọjọ́ ìdùbúlẹ̀ yóò jẹ́ 14.3 ní oṣù méjèèjì. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú ìtọ́jú náà. Aláìsàn ni kò pẹ́ nílẹ̀ tó kí egbò tó yọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ yín pé kí ẹ máa kọ ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìjáde àti ọjọ́ tí egbò kọ́kọ́ hàn sílẹ̀, láìfi ìkankan sílẹ̀. Ẹ sì ya egbò tí aláìsàn gbé wá láti ilé sọ́tọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò láàárín wákàtí 24 tí ó dé. Bí a kò bá ṣe é, egbò tí ó ti Ìkòyí-Ilé tàbí Ajáawà wá yóò di ti wọ́ọ̀dù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn aláìsàn kì í ṣe bákan náà

Wọ́ọ̀dù tí ó ń gba àwọn tí àìsàn wọn le jù ni yóò máa ní àbájáde tí ó burú jù, bí ìtọ́jú rẹ̀ tilẹ̀ dára jù. Láti yẹra fún irú ìdájọ́ òdì bẹ́ẹ̀, ẹ wọn ewu tí olúkúlùkù gbé wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fún egbò ìdùbúlẹ̀, òdiwọ̀n Braden ni ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí Barbara Braden àti Nancy Bergstrom ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Ohun mẹ́fà ni ó ń wò: bí ara ti ń mọ ìnira sí, ọ̀rinrin awọ, bí ó ti ń rìn sí, bí ó ti lè yí ara rẹ̀ padà sí, oúnjẹ, àti bí awọ ti ń há tàbí tí ó ń fà mọ́ ibùsùn. Àpapọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6 títí dé 23. Bí ó bá ti kéré tó ni ewu ń pọ̀ tó, ẹni tí ó bá sì ní 18 tàbí kí ó kéré sí i ni a sábà máa ń kà sí ẹni tí ó wà nínú ewu.

Òdiwọ̀n náà kò mọ gbogbo ohun tí àwa mọ̀. Ẹ fi kún un iye ọjọ́ tí ó wà láàárín ìgbà tí àìsàn kọ lù ú àti ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí pé ẹlòmíràn ti lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹní ní ilé oníṣègùn tàbí ilé àdúrà kí ó tó dé. Ẹ kọ ọ́ bóyá ẹnì kan ń sùn tì í lóru, bóyá fóòmù tí ó dùbúlẹ̀ lé ti tẹ̀ pẹrẹsẹ, bóyá ẹbí lè ra ohun tí a kọ fún wọn, bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi béèrè ọ̀rọ̀ ilé àdúrà. Bí ìbéèrè bá dún bí ẹ̀sùn, irọ́ ni ẹ ó gbà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀nà tí ìwádìí yóò gbà

Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí a wo fáìlì àtẹ̀yìnwá. Ó dára láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró, ṣùgbọ́n egbò tí a kò kọ sílẹ̀ kì í wà nínú fáìlì, ẹni tí ó bá sì gbára lé e yóò rò pé wọ́ọ̀dù tí kì í kọ nǹkan ni ó dára jù. Títọpa aláìsàn láti ọjọ́ ìwọlé lọ síwájú lágbára jù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ àyípadà kan wò, oṣù kan ṣáájú àti oṣù kan lẹ́yìn kò tó. Oṣù tí àwọn dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yan iṣẹ́ lódì kò dà bí oṣù mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni oṣù tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì pọ̀ ní wọ́ọ̀dù kò dà bí ìgbà tí wọ́n wà ní ìsinmi. Ẹ ka iye náà lóṣooṣù fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ fi àmì kan sórí ìwé àwòrán fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fa ìlà agbedeméjì, èyí tí ìdajì àmì wà lókè rẹ̀ tí ìdajì wà nísàlẹ̀, gba àárín àwọn àmì tí ẹ ti ní kí àyípadà tó bẹ̀rẹ̀. Bí àmì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá tẹ̀ lé ara wọn ní apá kan ìlà náà, ó yẹ kí a gbà pé nǹkan ti yí padà ní tòótọ́; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ lílọ sókè sódò tí òǹkà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bí wọ́ọ̀dù mìíràn bá wà tí kò ṣe àyípadà náà, ẹ máa ka tirẹ̀ pẹ̀lú ní ìgbà kan náà.

Ní ti iye ènìyàn tí a nílò, òtítọ́ ibẹ̀ korò díẹ̀. Bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún bá ń ní egbò tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì retí pé yóò wálẹ̀ sí ìdá 15, nǹkan bí 120 ènìyàn ni ẹ nílò ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lè ní ìrètí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún pé ẹ kò ní pàdánù ìyàtọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ láti 20 sí 10, nǹkan bí 200 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní oṣù mẹ́ta àti wọ́ọ̀dù kan kò lè rí iye yẹn. Kí ó ṣe ìwádìí tí ó ń ṣe àpèjúwe ìṣẹ̀lẹ̀ dáadáa, kí ó má fi 40 ènìyàn kéde pé ìtọ́jú kan ju èkejì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìyọ̀ǹda

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìlànà ìwádìí wò, ti ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ìlera ní Ìbàdàn. Òfin ìlànà ìwádìí ìlera ti orílẹ̀-èdè tí ó ti wà láti ọdún 2007 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ aráàlú ti ọdún 2023 sì kan fáìlì aláìsàn pẹ̀lú. Ẹ fi ìwé yín ránṣẹ́ kí ẹ tó kó àkọsílẹ̀ ẹyọ ẹnì kan. Ẹ má sì rò pé pípe iṣẹ́ náà ní àtúnyẹ̀wò wọ́ọ̀dù mú un kúrò lábẹ́ òfin. Ìgbìmọ̀ ni yóò sọ bóyá kò nílò àyẹ̀wò kíkún.

Yorùbá tí ènìyàn ń sọ nílé ni kí ẹ fi gba ìyọ̀ǹda. “Mà, a fẹ́ máa wo awọ ara Bàbá lójoojúmọ́, kí a sì máa kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀, kí a lè mọ bí a ó ṣe dènà egbò. Orúkọ wọn kò ní sí nínú ìwé náà. Bí ẹ kò bá fẹ́, ìtọ́jú wọn kò ní dínkù, ẹ sì lè sọ lọ́jọ́kọ́jọ́ pé kí a dá a dúró.” Bí aláìsàn bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ ọ́, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ti dáhùn fún un. Bí àìsàn bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹbí tí ó ń dúró fún un ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ lè tẹ̀ka, níwájú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe ìwádìí náà.

Ìgbésẹ̀ keje: kíkó àkọsílẹ̀ jọ

Ojú ìwé kan ni kí fọ́ọ̀mù yín jẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó ní iṣẹ́ tí ó pọ̀ kò ní kọ ojú ìwé mẹ́rin, bí ó bá sì kọ ọ́, mẹ́ta nínú rẹ̀ ni yóò jẹ́ ohun tí ó kàn kọ kún un nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ. Nọ́ńbà ni kí ẹ fún aláìsàn. Ìwé tí ó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ ni kí ó wà ní àtìpa lọ́dọ̀ ẹnì kan. Bí ẹ bá fẹ́ lo fóònù, KoboToolbox, ètò tí a fi ń kọ fọ́ọ̀mù sórí fóònù, ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, yóò sì fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí ìsopọ̀ bá dé, èyí tí ó bá bí iná ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ mu.

Àwọn tí ó ti lọ ni iṣẹ́ gidi. Níbi tí ìdílé ti ń fi owó ara wọn tọ́jú aláìsàn, ọ̀pọ̀ ni ó ń béèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn máa lọ kí ìtọ́jú tó parí, àwọn yìí ni egbò sì máa ń pa lára jù. Lọ́jọ́ ìwọlé, kí ìpayà ìjáde tó dé, ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sùn tì í, èkejì lọ́wọ́ ẹni tí kì í kúrò nílùú. Nọ́ńbà ojúlé kò wúlò púpọ̀ ní àárín ìlú wa. Orúkọ agbo ilé àti mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà tí ó súnmọ́ ọn ni yóò gbé yín dé ibẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ pe ẹni tí ń tajà ní Tákíè tàbí tí ó ń roko. Bí ẹ bá pè é lọ́sàn-án, yóò ní òun ń bọ̀ wá pè yín, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

Bí ẹ bá pè, ẹ kí wọn bí ó ti yẹ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, láti wọ́ọ̀dù tí Bàbá sùn sí. Ṣé ara wọn ti ń mókun?” Ó lè jẹ́ pé Bàbá ti kú. Nítorí náà, ẹni tí ó ń pè gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò sọ bí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó bá wọn kẹ́dùn, kí ó sì béèrè ọjọ́ nìkan, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́. Bí wọ́n bá wà láàyè, ìbéèrè kúkúrú ni: ṣé awọ bó níbì kan, níbo, ṣé omi tàbí òórùn ń jáde níbẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n kọ́kọ́ rí i? Bí ìdáhùn bá fi hàn pé egbò wà, ojúṣe yín ni láti sọ ibi tí wọ́n lè gbé e lọ. Ìwádìí kò sọ yín di òǹwòran.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìṣirò

Kò sí owó tí ẹ nílò láti ra ètò kọ̀ǹpútà. Epi Info, tí CDC, àjọ tí ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ṣe tí ó sì pín lọ́fẹ̀ẹ́, tó fún iṣẹ́ báyìí, R, ètò ìṣirò ọ̀fẹ́ mìíràn, sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wọnú rẹ̀ jinlẹ̀. Kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ kà á jáde pé mélòó ni ó wọlé, mélòó ni ó kọ̀, mélòó ni a kò rí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pín àbájáde gẹ́gẹ́ bí ewu Braden, kí àwọn tí ewu wọn pọ̀ bá ẹgbẹ́ wọn wé ara wọn.

Ẹ má ju àwọn tí ẹ kò rí mọ́ nù. Ká sọ pé 40 wọlé, 10 lọ láìsọ àbọ̀, 6 nínú 30 tí ó kù sì ní egbò. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ ó fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àwọn 10 yẹn bá ní egbò, 16 nínú 40 ni, ìyẹn ìdá 40. Bí ìkankan nínú wọn kò bá ní in, ìdá 15 ni. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìpinnu yín bá yí padà láàárín 15 àti 40, àwọn tí ó sọnù ni ó ni èsì ìwádìí náà, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ kọ ààlà tí òtítọ́ lè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mẹ́fà nínú 30 jẹ́ ìdá 20, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iye ènìyàn tí ó kéré báyìí, ohun tí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ lè jẹ́ ibikíbi láti nǹkan bí 10 títí dé 37. Ẹni tí ó bá ka èyí kò ní fi oṣù kan ṣoṣo dá wọ́ọ̀dù kankan lẹ́jọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: dídá èsì padà

Àwọn tí ó kọ fọ́ọ̀mù ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́ èsì, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà tàbí ìwé ìròyìn ìmọ̀. Ẹ má kọ orúkọ nọ́ọ̀sì tí egbò yọ lójú iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti rí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń pe orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Láàárín ìgbà díẹ̀, egbò tán pátá nínú ìwé, ó sì kù sára àwọn aláìsàn. Ìlà oṣooṣù kan lára ògiri, níbi tí nọ́ọ̀sì, dókítà àti ẹbí ti lè rí i, ń ṣiṣẹ́ ju ìwé ìfisùn lọ. Ẹ fi àbájáde kejì tí àyípadà yín lè dá sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi ẹ̀yìn dídùn àwọn tí ó ń gbé aláìsàn tàbí jíjábọ́ láti orí ibùsùn, nítorí ohun tí a tún ṣe níhìn-ín lè ba nǹkan jẹ́ lọ́hùn-ún.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ìlànà STROBE, tí ó ní ohun 22 tí ìròyìn ìwádìí irú èyí gbọ́dọ̀ sọ, yóò tọ́ yín sọ́nà. SQUIRE ni ti àwọn tí ó ṣe àyípadà nínú ìtọ́jú tí wọ́n sì fẹ́ ròyìn rẹ̀. Ẹ lẹ fọ́ọ̀mù yín mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà, kí wọ́ọ̀dù ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ṣakí lè ka ohun kan náà ní ọ̀nà kan náà.

Kíkà náà kò parí nígbà tí ìwé bá jáde. Ẹ fi í sínú iṣẹ́ òòjọ́ wọ́ọ̀dù, kí ẹnì kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé máa yẹ awọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú ewu wò, kí ó kọ iye náà sórí ìlà ara ògiri, kí ó sì fa fọ́ọ̀mù àti orúkọ àwọn tí a ó pè lé ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.